Àgọ́ ní Edale, ahéré ní oko egàn

Manchester ni mò ń gbé. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Sheffield máa ń dúró ní Edale, abúlé kékeré kan láàárín òkè ní Derbyshire, púpọ̀ nínú èrò tó ń sọ̀ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ló sì ń gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n wá rìn ni. Ibẹ̀ ni Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tó gùn ní máìlì 268 títí wọ ilẹ̀ Scotland, orí pápá àwọn àgbẹ̀ sì ni wọ́n ń pàgọ́ sí mọ́jú. Èmi náà ń bá wọn pàgọ́, mo sì máa ń fi ibẹ̀ wé ahéré bàbá mi ní oko egàn, nítorí pé níbi méjèèjì, omi ni à ń pọn, ilẹ̀ la sún mọ́, ẹyẹ ló sì ń jí wa.

Ní Ìbàdàn, ẹni tí oko rẹ̀ wà létílé a lọ láàárọ̀, a sì padà sílé nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáko ní egàn a máa sùn sí ahéré títí iṣẹ́ yóò fi dín. Iṣẹ́ ló ń gbé wa rìn. Kò sí ẹni tó ń tọ ọ̀nà oko tí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níbi tí ọ̀nà náà parí sí. Ní Edale, ìrìn gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ náà: tọkọtaya arúgbó á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á se tíì lórí sítóòfù gáàsì kékeré, wọ́n á gun Kinder Scout tó ga ní mítà 636, wọ́n á sì padà wá sùn. Wọn kì í dáná sílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ dúdú orí òkè náà fúnra rẹ̀ máa ń gbaná, tí yóò sì máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Mo gba òfin yìí tọkàntọkàn, síbẹ̀ àárò iná ahéré ń sọ mí, iná tó ń lé ẹ̀fọn àti òtútù, tí a sì ń sun iṣu sí láàárọ̀.

Ìgbàlejò tiwa ni mo fẹ́ràn jù. Ní Edale, ẹni tó bá ti sanwó ibi tó pàgọ́ sí ti parí ọ̀rọ̀. Ní abúlé wa, àlejò á kọ́kọ́ kí baálẹ̀, wọ́n á bu omi fún un, wọ́n á bi í ní ìlú àti agbo ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbowó. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: àwọn tó ń rìn lórí òkè Edale máa ń kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í wo ojú ara wọn nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀nà wọn ló wù mí kí a ní. Bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ìjọba, olóko kò gbọ́dọ̀ dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín pápá àgùntàn rẹ̀ ló gbà kọjá. Ẹni tó ń rìn ni kí ó ti géètì padà. Wọn kò rí ẹ̀tọ́ orí òkè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olówó tó ń ṣọdẹ ẹyẹ ló ti òkè Kinder mọ́ ará ìlú tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield fi agídí gùn ún, wọ́n sì fi márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Òfin ọdún 1949 ló wá dá àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè (national park), ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò, sílẹ̀, agbègbè yìí sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn ní ọdún 1951.

Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà oko, ojú àánú ẹbí tó ni ilẹ̀ ló sì ń dá a sí. Bí ẹbí bá ti ta ilẹ̀, tí ẹni tó rà á mọ odi yí i ká, ọ̀nà ti kú nìyẹn. Púpọ̀ nínú oko etílé Ìbàdàn ti di àdúgbò, n kò sì lè tọ́ka sí ọ̀nà tí ìyá bàbá mi ń gbà lọ sóko mọ́.

Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, òṣọ̀rọ̀ omi Olúmirin ní ipele méje, ẹni tó bá sì gùn ún dé òkè yóò bá ara rẹ̀ níhà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní ilẹ̀ Èkìtì. Lójú mi, ìrìn náà dára ju ti Edale lọ. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ènìyàn lè sùn síta nínú igbó wa báyìí, n kò sì ní rọ ẹnikẹ́ni láti gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn: kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀, kí wọ́n kọ ọ̀nà náà sínú ìwé, kí wọ́n sì fi àmì sí i kí ẹnikẹ́ni tó ta ibẹ̀.