Ọ́dítọ̀ láàárín ará ilé: ohun tí iṣẹ́ ìwé owó ti kọ́ mi

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí nígbàkúùgbà tí mo bá wálé sí Ìsánlú: "Ọmọ mi ò gbọ́ ìṣirò dáadáa, ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ ọ́dítọ̀ tí ò ń ṣe yìí?" Mo ní ó lè ṣe é. Wọn kì í gbà mí gbọ́. Àròpọ̀, àyọkúrò, ìlọ́po, ìpín àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló pọ̀ jù nínú ìṣirò tí à ń ṣe, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá wa ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tó ń dá èèyàn padà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni òfin tí kò kà àti Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè kọ já gaara. Fún ẹni tó bá sì fẹ́ máa yẹ ìwé owó wò láàárín àwa ará Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tí gbogbo wa jọ mọ ara wa, wíwo ojú tún wà níbẹ̀, ìyẹn kí ojú máa ti èèyàn láti béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àgbà tàbí ẹni tó mọ̀. Wíwo ojú yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀nà àtiwọlé ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná.

Akáńtáǹtì ló ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, òun náà ló ń ṣètò ìwé ìparí ọdún. Ọ́dítọ̀ ní tirẹ̀ ń wá ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n kọ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìdánwò kan náà ló sì ń gbé èèyàn dé ẹnu iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹgbẹ́ akáńtáǹtì tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ICAN (Institute of Chartered Accountants of Nigeria), tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965. Akíntọ́lá Williams ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, ìyẹn akáńtáǹtì tó yege ìdánwò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ní England ní 1949, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó kú ní 2023, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí ń gé ẹ̀mí èèyàn kúrú. Ẹni tó bá ní dìgírì tàbí HND lè wọlé sí ìdánwò ICAN. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti accounting. Mo mọ ẹni tó ka ẹ̀kọ́ nípa àgbẹ̀ tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ka accounting ni wọ́n máa ń ní kó má ṣe àwọn ìdánwò kan mọ́ ní ìpele ìsàlẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló wà: Foundation, Skills àti Professional. Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, máàkì 50 ló sì ń gbé èèyàn kọjá nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà pólì lèmi gbà. Mo ṣe ND ní Kogi State Polytechnic ní Lọ́kọ́ja, mo lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, mo padà wá ṣe HND, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ICAN nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ kékeré kan. Mi ò rò pé ọ̀nà yunifásítì dára jù ú. Ọdún IT yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan lẹ́jà, ìwé tí wọ́n ń kọ àkáǹtì sí, ẹni tó bá sì ti fi ọwọ́ kan lẹ́jà, ohun tó ń kà máa ń tètè yé e.

Ọ̀nà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ wa ni ATSWA (Accounting Technicians Scheme West Africa), ìdánwò fún àwọn tó ń ran akáńtáǹtì lọ́wọ́. Ẹ wo iye ọmọ tó parí WAEC ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Búnú, tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń retí JAMB lọ́dún dé ọdún, tí wọ́n ń bá wọn ṣa kajú. Kírẹ́dítì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú ẹ̀, ti tó fún ATSWA. Apá mẹ́ta ni, oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ẹni tó bá sì parí ẹ̀ lè bọ́ sínú ìdánwò ICAN láì dé yunifásítì rárá. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ má wá àyè sí yunifásítì. Mo kàn ní kí ẹ má jókòó lásán dè é.

ANAN (Association of National Accountants of Nigeria) ni ẹgbẹ́ akáńtáǹtì kejì tí òfin mọ̀. Tiwọn yàtọ̀: o gbọ́dọ̀ ti ní dìgírì tàbí HND nínú accounting, kó o wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Kwall, lẹ́bàá Jos. Ìjọba gba àwọn méjèèjì. Bí iṣẹ́ ìjọba bá wà lọ́kàn rẹ, tí ìjókòó nínú kíláàsì sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kíkàwé fúnra ẹni, ANAN dára. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ aládàáni ní Àbújá tàbí Èkó lo ń wò, ICAN lèmi á sọ. ACCA ti àwọn òyìnbó náà wà, ìdánwò mẹ́tàlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é; ṣùgbọ́n póún ni wọ́n fi ń gba owó. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ san án fún ọ, fi í sílẹ̀ ná.

Lórí kíkà ìwé, nǹkan díẹ̀ ni mo ní láti sọ. ICAN máa ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ wọn àti Pathfinder sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pathfinder yìí ni ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú ìdáhùn, àti ohun tí àwọn olùṣèdánwò sọ nípa bí àwọn èèyàn ṣe kọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn olùṣèdánwò yẹn ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o tó ka ìdáhùn. Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n ń fi kan èèyàn lọ́dọọdún: wọn kò ka gbogbo sílébọ́ọ̀sì, wọn kò sì lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n kà. Nítorí náà, kọ ìdáhùn sórí ìwé, má kàn fi ojú kà á. Ẹni tó bá sì ń ka owó orí, kó ju ìwé àtijọ́ nù. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ìdáhùn tó dára lánàá lè gba òdo lónìí. Má gbàgbé Excel. Wọn kì í ṣe ìdánwò rẹ̀ fún ọ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ni wọ́n á bi ọ́.

Ó yá, wíwo ojú.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé tó ń bọ̀ láti agbègbè wa kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Òfin CAMA ti 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́, tilẹ̀ ti yọ̀ǹda kí ilé iṣẹ́ kékeré, èyí tí ọjà tó tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60, má yan ọ́dítọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwé aládàáni, ìjọ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló kù fún wa. Ẹni tó ń tọ́jú owó níbẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ àgbà, ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ kí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé ọ̀gá mi lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, akápò wọn jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo sọ orúkọ bàbá mi. Ó ní òun mọ bàbá tó bí bàbá mi, wọ́n jọ dáko rí. Kí n tó jókòó, wọ́n ti ń gún iyán. Mo ń rò ó nínú mi pé báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ní kí bàbá yìí kó owó inú àpótí jáde.

Ọ̀gá mi kò rò ó rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka owó náà, a ò ní fọwọ́ kàn án. Àwa á kàn máa wò ó, a ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i pé ẹ gba gbogbo ẹ̀ padà pé pérépéré." Inú bàbá dùn. Ó ní bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé àwọn ọmọdé wá, owó sì sọnù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà iṣẹ́ wa ṣe là á sílẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú owó ló ń kà á, lójú ọ́dítọ̀, ó sì ń fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ààbò àgbà ni ìlànà yẹn. Tí o bá ṣàlàyé ẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀, kò ní rò pé o fura sí òun.

Bákan náà ni ìwé tí báńkì fi ń jẹ́rìí iye owó tó wà nínú àkáǹtì. A kì í gbà á lọ́wọ́ akápò. Báńkì ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa tààrà. Àwọn kan máa ń bínú sí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é fún báńkì àti iléeṣẹ́ epo. Ara wọn á wálẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi í yangàn lẹ́yìn náà.

Risíìtì ló nira jù. Ta ló ń fún èèyàn ní risíìtì lọ́jà Kàbà? Ẹni tó ra igi, tó ra yanrìn, tó san owó fún ọlọ́kọ̀, ọwọ́ òfo ló ń bọ̀. Tí o bá torí ohun tí kò ní risíìtì pe ẹni tó rà á lólè, wàá da ìlú rú lásán, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni kí wọ́n kọ fáọ́ṣà tiwọn: ohun tí wọ́n rà, iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rà á, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á, kí ẹni tó rà á fọwọ́ sí i, kí ẹlòmíràn tó ní àṣẹ náà fọwọ́ sí i. Owó tó bá sì tóbi, kí wọ́n san án láti báńkì sí báńkì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wàá rí ìyàtọ̀. Ìwé ọ́dítọ̀ tó dára kì í wò ẹ̀yìn nìkan. Lẹ́tà tí a ń kọ sí àwọn alákòóso lẹ́yìn iṣẹ́ ni irú ìmọ̀ràn báyìí ń wà, mo sì gbà pé òun ló wúlò jù fún wọn nínú gbogbo ohun tí wọ́n sanwó fún.

Iyán ọ̀sán, a máa ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ iyán nílẹ̀ wa ti dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tí wọ́n fẹ́ kó sẹ́yìn ọkọ̀, a kì í gbà á. Má sọ pé òfin kọ̀ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Sọ pé, "Bàbá, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́." Kò sí àgbà kan ní ilẹ̀ Òkun tó fẹ́ kí wọ́n torí iṣu òun lé ọmọ ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ parí. Bí akápò bá sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ tàbí àna rẹ, sọ fún ọ̀gá rẹ kí ẹ tó gbéra, kí o sọ ọ́ lórí ìwé, kí ẹlòmíràn lọ. Èmi kì í lọ sí ibi kankan tí àbúrò ìyá mi bá ti ń di owó mú, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Ìjọba náà ń gba ọ́dítọ̀. Abala 125 nínú òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 ló dá Auditor-General sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń yẹ ìwé owó ìjọba ìpínlẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣe ọ́dítì àwọn àjọ ìjọba tí òfin dá sílẹ̀. Ìwé orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ aládàáni ló ń fún àwọn àjọ náà, kí wọ́n yan tiwọn nínú ẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi tiwa ti ń rí iṣẹ́ tó tóbi díẹ̀ he.

Owó oṣù ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n yíyege nínú ìdánwò nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n á bi ọ́ ní ìrírí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jẹ́rìí sí i. Ilé iṣẹ́ kékeré tí o ti ń ṣe gbogbo nǹkan, láti kíka owó dé kíkọ lẹ́tà, lè kọ́ ọ ju ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ní kí o máa fi ọdún kan wo fáọ́ṣà nìkan.

Tí o bá fẹ́ tọrọ ipò lọ́dọ̀ wa ní Lọ́kọ́ja, oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni kí o ti kọ lẹ́tà. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pa ìwé dé, iṣẹ́ sì ń wọ́ lé wa lórí láti oṣù kìíní lọ. Ẹni tí a ti mọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn la ń pè. Jẹ́ kí lẹ́tà náà mọ ní ojú ìwé kan. Kọ ìdánwò tí o ti yege sínú ẹ̀, kọ èyí tó kù, kọ ibi tí wàá máa gbé níbí, kí o sì fi nọ́ńbà fóònù méjì sí i, torí ẹ̀yin náà mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí tí èèyàn bá ti kọjá Kàbà.