Ẹ má tíì ṣáná sí ewé yẹn

Ọyẹ́ tó ń jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré o, láti ilé wa dé Tákíé eruku ni ṣáá, ètè gbogbo wa ti là. Sátidé ni mo ní kí n bá màámi gbá ẹ̀yìnkùlé, mo ti kó ewé máńgòrò jọ, ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá rí ìgbín kan tó rì sínú iyẹ̀pẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo tú ewé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó di mẹ́ta. Mo gbé èyí tó tóbi jù. Ẹnu ìkarahun ẹ̀ dí pa, nǹkan funfun kan bí ẹfun ló fi bò ó, mo fi èékánná kàn án, ó dún kó kó kó. Mo ní ó ti kú. Màámi ní "Gbé e sílẹ̀ jàre, òjò ló ń retí."

Itọ́ ara ẹ̀ ló fi mọ ìlẹ̀kùn yẹn kí omi ara ẹ̀ má bàa gbẹ tán, á wá máa mí díẹ̀díẹ̀ láìjẹ láìmu, oṣù á gorí oṣù. Ohun tí béárì dúdú Amẹ́ríkà ń ṣe nígbà òtútù náà nìyẹn, á jẹun sanra, á wọ ihò lọ, kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní tọ̀, abo ẹ̀ á tún bímọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní Alaska tí omi ara ẹ̀ máa ń di yìnyín, ọkàn ẹ̀ ò ní lù mọ́, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ò jẹ́ kó bàjẹ́, ilẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dìde!

Alápáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní tiẹ̀, ṣe ló ń lọ. Kì í ṣe òtútù gan-an ló ń lé e, ebi ni, torí kòkòrò tó ń fò ló ń jẹ, òtútù bá ti wọlé, kòkòrò á dàwátì. Ẹyẹ tí ò wúwo ju bíi gíráàmù 20 á wá fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, ní Boje lápá Cross River níbí, wọ́n máa ń lé ní mílíọ̀nù kan tó ń wọ̀ sórí koríko gíga. Àwọn òyìnbó gan-an ò tètè mọ ibi tó ń lọ, àwọn kan ní abẹ́ odò ló ń sùn. Lọ́dún 1822 ni wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní Jámánì, ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó gbé e fò délé. Ẹ wo ìrora.

Tiwa náà ń rìn, lékeléke tá a máa ń na ọwọ́ sí lọ́mọdé pé kó fún wa ní èékánná funfun, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá wa dé, òjò bá dé á gba òkè Ọya lọ.

Ìgbín ò níyẹ̀ẹ́ ní tiẹ̀. Iná bá dé, kò ríbi sá sí. Ó dùn mí gan-an, ọdọọdún la máa ń sun ewé yẹn, mi ò mọ iye tá a ti sun mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ tú tiyín wò kẹ́ ẹ tó ṣáná.

Mo da iyẹ̀pẹ̀ padà bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kó ewé máńgòrò lé e. Màámi ní tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ká jọ lọ wò wọ́n láàárọ̀.