Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ òjò: Barraskewda, Floatzel tàbí Basculegion?

Ẹgbẹ́ tí à ń kó jọ yìí wà fún ìjà méjì-sí-méjì nínú géèmù Pokémon Scarlet àti Violet, ní ìpele 50. Pelipper ló ń mú òjò wá pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹ̀, Drizzle. Archaludon wà níbẹ̀ nítorí pé bí òjò bá ti ń rọ̀, Electro Shot rẹ̀ kì í gba ìyípo méjì mọ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń jáde. Àyè kan ló ṣẹ́ kù, ti oníjà irú omi tó ń fi ara gbá ọ̀tá. Àwọn mẹ́ta ló ń du àyè náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní Swift Swim, ẹ̀bùn tó ń sọ eré di ìlọ́po méjì nínú òjò.

Okun nìkan kọ́

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, okun ni a ń pe Attack, agbára sì ni ti ìkọlù fúnra rẹ̀. Okun Barraskewda jẹ́ 123, ti Basculegion akọ 112, ti Floatzel 105. Bí a bá tún wo eré, Barraskewda ní 136, Floatzel 115, Basculegion 78. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò mú Barraskewda, yóò sì ṣìnà, torí Barraskewda kì í kọ́ Wave Crash. Liquidation ló ń lò, agbára rẹ̀ jẹ́ 85. Àwọn méjì yòókù ní Wave Crash, tí agbára tirẹ̀ jẹ́ 120.

Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní EV (àmì ìdálẹ́kọ̀ọ́ Pokémon) 252 nínú okun àti ìwà Adamant, tó ń fi kún okun. Okun Barraskewda á di 192, ti Floatzel 172, ti Basculegion 180. Ẹ wá fi agbára ìkọlù sọ ọ́ di púpọ̀: 16,320 fún Barraskewda, 20,640 fún Floatzel, 21,600 fún Basculegion. Floatzel tí okun rẹ̀ kéré jù ló ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbá ju Barraskewda lọ.

Farigiraf ni òṣùwọ̀n

A yan Farigiraf nítorí òun ló máa ń ba ẹgbẹ́ òjò jẹ́. Ó ń ṣe Trick Room, tó ń jẹ́ kí ẹni tó lọ́ra kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ fún ìyípo 5, gbogbo eré tí a rà á sì di ẹrù lọ́rùn wa. Àmọ́ ìgbẹ̀yìn ìyípo ni Trick Room máa ń jáde, nítorí náà ẹni tó bá lè pa á ní ìkọlù kan ti gba ẹgbẹ́ là. Ẹ má fi Aqua Jet, ìkọlù omi tó ń ṣíwájú láìka eré sí, gbìyànjú rẹ̀ o: Armor Tail, ẹ̀bùn Farigiraf, kì í jẹ́ kí ìkọlù tó ń ṣíwájú kàn án.

Farigiraf tí a lò ní EV 252 nínú ẹ̀mí, kò ní nǹkan kan nínú ààbò: ẹ̀mí 227, ààbò 90. Géèmù máa ń ṣẹ́ gègé lórí ìkọlù kọ̀ọ̀kan, ibi 16 ló sì lè bọ́ sí, láti ìdá 85 dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú òjò, láìsí ohun kankan lọ́wọ́:

Barraskewda, Liquidation: 153 sí 181. Kò pa á láéláé.
Floatzel, Wave Crash: 195 sí 229. Ó ń pa á ní ìgbà 1 nínú 16.
Basculegion pẹ̀lú Swift Swim, Wave Crash: 204 sí 240. Ìgbà 6 nínú 16.
Basculegion pẹ̀lú Adaptability, Wave Crash: 272 sí 320. Kò sí ìgbà tí kò pa á.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló yí iṣẹ́ yìí padà. Pokémon tó bá lo ìkọlù irú tirẹ̀ máa ń jẹ èrè ìlọ́po 1.5, Adaptability, ẹ̀bùn mìíràn tí Basculegion lè ní dípò Swift Swim, sọ ọ́ di 2. Bí a bá ka èrè yẹn mọ́ ọn, Basculegion dé 43,200, Palafin tó ti di akọni pẹ̀lú okun 160 sì wà ní 41,940 pẹ̀lú Wave Crash kan náà. Bẹ́ẹ̀ Palafin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kó tún padà wọlé kó tó di akọni, Basculegion kò sì nílò rẹ̀. Azumarill pẹ̀lú Huge Power (ẹ̀bùn tó ń sọ okun di ìlọ́po méjì) àti Liquidation dúró ní 28,560. Ó ju Barraskewda lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra jù fún ohun tí à ń wá.

Ohun ìdìmú lè tún àwọn kan ṣe. Mystic Water sọ Wave Crash di 144, Floatzel sì ń pa Farigiraf yìí ní gbogbo ìgbà, 234 ló kéré jù. Barraskewda pẹ̀lú Mystic Water kò kọjá 217. Choice Band nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́, 229 ló kéré jù, ṣùgbọ́n ìkọlù kan ṣoṣo ló máa ń tì í mọ́, Protect, tó ń dáàbò boni fún ìyípo kan, sì lọ nìyẹn. Nínú ìjà méjì-sí-méjì, ẹni tí kò ní Protect ni wọ́n máa ń dojú kọ pọ̀.

Eré: èló ló tó?

Nínú òjò pẹ̀lú Adamant àti EV 252, Barraskewda ń sá 376, Floatzel 334, Basculegion 260. Flutter Mane, ọ̀tá kan tó yára gan-an, ń sá 307 bó bá lo Booster Energy (ohun ìdìmú) fún eré. Floatzel ń kọjá rẹ̀ dáadáa, àlékún eré Barraskewda lórí ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ibi tí Barraskewda ti ń tàn ni ìgbà tí òjò bá dá: pẹ̀lú Jolly, ìwà tó ń fi kún eré, ó ń sá 206, Flutter Mane tó sá dé òpin láìsí Booster Energy ń sá 205. Ẹyọ kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó.

Òótọ́ ni pé 260 kò mú Flutter Mane 307 yẹn, ìkọlù Ghost rẹ̀ sì ń ba Basculegion jẹ́ gan-an. Aqua Jet ló tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Basculegion tó ní Adaptability, tó sì di Mystic Water mú, ń fi Aqua Jet gba ẹ̀mí 132 ó kéré tán nínú òjò; Flutter Mane tí wọn ò fi EV sí ẹ̀mí tàbí ààbò rẹ̀ ní 130. Bí a bá yọ Mystic Water kúrò, 112 sí 132 ló ń ṣe, ìgbà 2 nínú 16 ló sì ń pa á. Ẹni tó bá fi Swift Swim ṣe é kò kọjá 117 pẹ̀lú Mystic Water náà. Tí Psychic Terrain, tó ń dí ìkọlù tó ń ṣíwájú lọ́nà, bá wà nílẹ̀, Aqua Jet kò ní kan Flutter Mane rárá.

Bí Adaptability ṣe ń rí eré

Tí a bá mú Adaptability, Swift Swim ti lọ. Tailwind, afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹgbẹ́ yára, láti ọwọ́ Pelipper ni yóò rọ́pò rẹ̀, ìlọ́po méjì kan náà ni, 260 náà ni. Ohun tó máa ń dà á rú ni ètò ìyípo àkọ́kọ́. Eré Basculegion láìsí ìrànlọ́wọ́ jẹ́ 130, Pelipper tó ga jù láìsí ìwà eré kò kọjá 117. Basculegion ni yóò kọ́kọ́ gbá, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Nítorí náà Protect ni fún Basculegion ní ìyípo àkọ́kọ́ bí ọ̀tá bá yára jù ú lọ. Ìyípo 4 ni Tailwind ń lò, ti àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. 3 ló kù fún ìjà gidi.

Ẹ̀yà Ghost rẹ̀ tún ṣe wá lóore: Fake Out, ìkọlù tó ń dá ẹni dúró ní ìyípo náà, kì í ràn án. Intimidate, ẹ̀bùn tó ń dín okun ọ̀tá kù, ń ràn án ṣá, okun á já sí 120. Pẹ̀lú Mystic Water, Wave Crash rẹ̀ ṣì ń pa Farigiraf wa ní ìgbà 12 nínú 16 lẹ́yìn Intimidate kan. Ti Floatzel kò ní kọjá 184.

Wave Crash ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ṣe lọ́wọ́ ẹni tó lò ó. Pípa Farigiraf kan ń ná wa ní nǹkan bí ẹ̀mí 76. Floatzel ní 161, bó bá pa méjì ó ku 9. Basculegion ní 196, ó ku 44.

Títọ́ ọ dàgbà

Basculin onílà funfun láti agbègbè Kitakami, èyí tó ń dàgbà di Basculegion, ni kí ẹ mú, akọ ni kó jẹ́. Ẹ lo ìkọlù tó ń ta padà, bíi Double-Edge, títí tí ohun tó pàdánù fi dé 294 láì kú, kí ẹ wá gbé ìpele rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jáde pẹ̀lú Swift Swim, Ability Capsule á yí i sí Adaptability. Ohun tó ń fún un ní EV ni Protein 26 (okun), Carbos 26 (eré), HP Up 1 (ẹ̀mí): lọ́kọ̀ọ̀kan 10,000 ni wọ́n, 530,000 lápapọ̀. Ẹ fi Adamant Mint kan kún un, kí ìwà rẹ̀ lè di Adamant.

Wave Crash, Aqua Jet, Last Respects, Protect ni ìkọlù rẹ̀. Last Respects bẹ̀rẹ̀ ní 50, ó ń fi 50 kún un fún gbogbo ẹlẹgbẹ́ tó bá ti ṣubú, nítorí náà ẹ má fi Basculegion ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà.

Torkoal

Ẹ̀rù Torkoal, tó ń mú oòrùn wá bí Pelipper ṣe ń mú òjò wá, ló kù. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wọlé, ojú ọjọ́ ti ẹni tó lọ́ra ló ń borí, eré Torkoal jẹ́ 20, ti Pelipper 65. Oòrùn ni yóò mú, ìkọlù omi á sì já sí ìdajì. Bí ẹ bá rí Torkoal lọ́dọ̀ ọ̀tá, Archaludon àti Basculegion ni kó ṣíwájú. Ẹ jẹ́ kí Pelipper dúró lẹ́yìn títí Torkoal yóò fi wọlé, kí ẹ tó wá pè é.