Ta ló sọ pé ojú wọn fọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú fìlọ́sọ́fì iṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ mi pé eré tó dá lórí òṣèlú máa ń la ará ìlú lójú. Olùkọ́ mi fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: "Ta ló sọ fún ọ pé ojú wọn fọ́?"

Ó pẹ́ kí n tó rí èsì. Plato, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, bẹ̀rù pé eré ń tan èèyàn jẹ. Bertolt Brecht, òǹkọ̀wé eré ará Jámánì tí mo fẹ́ràn gidigidi, a máa fi orin àti àkọlé dá eré dúró, kí omijé má baà gba òye lọ́wọ́ òǹwòran. Lójú Jacques Rancière, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Faransé, èrò kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì: pé ẹni tó jókòó ń wòran kò ṣe nǹkan kan. Ó ní irọ́ ni. Ẹni yẹn ń wò, ó ń ṣà, ó ń fi ohun tó rí wé èyí tó ti rí níbòmíràn.

Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé kan, ojú àwọn òǹwòran ni mò ń wò. Òṣèré kan ń ka owó tó fẹ́ fi rán ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ń fi ìka kà á lórí orúnkún pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí òṣèré pe iye rẹ̀, ìyá yìí mi orí: kò pé.

Augusto Boal, olùdarí eré ará Bràsíl, náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le jù. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin fún àwọn àgbẹ̀, ìbọn lọ́wọ́, pé ká ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ilẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní ó yá, kí wọ́n jọ lọ. Boal ní ìbọn eré ni. Àgbẹ̀ ní àwọn ní ìbọn gidi tó kárí. Ẹgbẹ́ Boal kọ̀. Ó wá yé àgbẹ̀ náà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń kọrin lé lórí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Boal bẹ̀rẹ̀ sí í pe òǹwòran sórí ìtàgé kí wọ́n tún eré ṣe. Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro ní 1992, ó ń sọ àbá àwọn òǹwòran di àbá òfin. Àwọn kan sì di òfin.

Nítorí náà, ẹ lọ bá òǹwòran sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ nǹkan nípa wọn. Èmi ò bi ìyá yẹn pé èló ló kà. Ó ṣì ń dùn mí.