Àlùmọ́gàjí Lotte Reiniger àti Ọmọọba Achmed

Ní ọdún 1923, owó ilẹ̀ Jámánì ti di yẹpẹrẹ débi pé ẹni tó bá rí i gbà ní àárọ̀ ń sáré fi ra nǹkan kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníbáńkì kan, Louis Hagen, fi tirẹ̀ ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ róòlù fíìmù tí a kò tíì ya ohunkóhun sí, nítorí ó rò pé ọjà yóò dúró níbi tí owó ti ń ṣubú. Òun ló bi Lotte Reiniger, ọmọbìnrin ará Berlin tí a bí ní 1899, bóyá ó lè fi àwọn àwòrán òjìji rẹ̀ ṣe fíìmù gígùn kan. Láyé ìgbà náà, eré ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi ń pa èrò sinimá lẹ́rìn-ín ni kàtúùnù jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà gbà, wọ́n sì ṣètò yàrá iṣẹ́ fún un lókè ibi tí Hagen ń gbé ọkọ̀ sí nílé rẹ̀ ní Potsdam.

Nínú àlọ́ Ẹgbẹ̀rún Òru Kan àti Ẹyọ Kan ti àwọn Lárúbáwá ni ó ti mú ìtàn Ọmọọba Achmed. Àlùmọ́gàjí ni ó fi ń gé páálí dúdú, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ìka ọwọ́ pàápàá lọ́tọ̀, yóò wá fi wáyà tín-ínrín so oríkèé wọn pọ̀, yóò sì fi òjé pẹlẹbẹ kún un kí wọ́n lè sùn gbọnrangandan lórí gíláàsì. Iná ń tàn láti abẹ́ gíláàsì náà, kámẹ́rà sì ń wò ó láti òkè. Wọn á sún apá kan díẹ̀, wọn á ya á, wọn á tún un sún. Nǹkan bí 250,000 àwòrán ni wọ́n yà báyìí, tí wọ́n sì lo nǹkan bí 96,000 nínú wọn fún eré tí kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Òjìji kò ní ojú tí yóò fi sunkún, nítorí náà ẹ̀yìn, ọrùn àti ọwọ́ ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀. N kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i pé oṣó ará Áfíríkà ni wọ́n pe ìkà inú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ọmọọba náà dúdú bí koro iṣin gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀! Ẹ̀yìn tó tẹ̀ kọdọrọ àti ìka gígùn bí èékánná àṣá ni a fi ń dá oṣó náà mọ̀. Ìjà òun àti àjẹ́ òkè iná ni mo fẹ́ràn jù, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń para dà di oríṣiríṣi ẹranko, tí ọ̀kan ń wá èyí tí yóò borí ti èkejì, gẹ́gẹ́ bí olóògùn méjì nínú àlọ́ tiwa.

Carl Koch, ọkọ rẹ̀, ni ó ń mójú tó kámẹ́rà. Berthold Bartosch ṣe ìgbì òkun, Walter Ruttmann sì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ idán inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ni ó béèrè ohun tí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú wàhálà ọdún 1923. Wolfgang Zeller kọ orin rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1926, wọ́n fi í han èrò ní gbọ̀ngàn Volksbühne ní Berlin, lẹ́yìn náà ni ó dé Paris. Ọdún 11 kọjá kí Snow White ti Disney tó jáde, síbẹ̀ ti Disney yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́. Ká sòótọ́, Quirino Cristiani ti ṣe kàtúùnù gígùn kan ní Argentina ní 1917, ṣùgbọ́n ìyẹn ti sọnù pátápátá, ti Reiniger sì ni ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó òun náà lọ: fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà yà gan-an kò sí mọ́, ẹ̀dà kan tó wà ní ìpamọ́ ní London ni wọ́n sì fi tún un ṣe ní Jámánì ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, pẹ̀lú àwọn àwọ̀ tí wọ́n fi pa á láró láti ìbẹ̀rẹ̀.