Owó jíìpù lórí òkè Colorado, àti ẹ̀wà tí ò jinná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ìrìnàjò wa sí Colorado, mo ti rí gbogbo mẹ́sééjì yín, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bínú tán ná.

Ọ̀nà kan wà láàárín àwọn òkè San Juan tí wọ́n ń pè ní Alpine Loop. Bíi máìlì 65 ni, ó so Lake City, Silverton àti Ouray pọ̀, àwọn tó ń wa góòlù àti fàdákà láyé àtijọ́ ni wọ́n la púpọ̀ nínú ẹ̀ fún ìbaaka àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kò sí ọ̀dà, kò sí ilé epo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí rárá tẹ́ ẹ bá ti jìnnà sí ìlú. Engineer Pass, ibi tó ga jù tí ọ̀nà náà ti gba orí òkè kọjá, 12,800 ẹsẹ̀ bàtà ni, bíi 3,900 mítà. Houston la ti ń bọ̀ o, níbi tó jẹ́ pé bíríjì nìkan là ń gùn tá a bá ní à ń gun òkè.

Mọ́tò ló kọ́kọ́ fún wa ní wàhálà. Mọ́tò tiwa kúrú nílẹ̀, ó máa fi ikùn wọ́ òkúta, jíìpù tó ga tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni ọ̀nà yẹn fẹ́. Ẹ má tiẹ̀ ronú àtirẹ́ǹtì ti eapọ́ọ̀tù, ẹ ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ní tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí títì ọlọ́dà, insọ́ọ́ránsì ò kàn yín mọ́, tó bá wá dẹnu kọlẹ̀ lókè, ẹni tó máa wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ á ti mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíì lọ. Bá a ṣe lọ rẹ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn. Lórí fóònù, $280 lójúmọ́. A débẹ̀, wọ́n ní ti jíìpù nìkan nìyẹn. Owó insọ́ọ́ránsì tún wà, owó orí tún wà, owó ẹni kejì tó máa wakọ̀ tún wà (Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ni ẹni kejì), wọ́n sì so $1,500 rọ̀ lórí káàdì mi. Ọmọbìnrin tó ń gba owó yìí ò gbójú sókè wò wá. Bọ̀dá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, owó náà ni." Kì í ṣe káàdì tiwọn ṣá. Mo ya fọ́tò jíìpù náà yípo, táyà, abẹ́, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tún nìyẹn. Ìyàwó mi ti ra fílítà, ó ní odò Animas máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, kí la fẹ́ máa ru omi ṣe? Mo ní rárá. Àwọn òkè yẹn kún fún ihò ìwakùsà tí wọ́n pa tì, omi tó ń jò jáde nínú wọn ní òjé àti oríṣi irin olóró míì nínú. Ní August 2015, omi bíi mílíọ̀nù 3 gálọ́ọ̀nù tú jáde nínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà tí wọ́n ń pè ní Gold King, ó gba odò kékeré Cement Creek wọ inú Animas, odò náà pọ́n bí ọsàn. Fílítà táwọn oníbùdó ń lò máa mú kòkòrò, àmọ́ kì í ṣe pé á kó gbogbo irin olóró kúrò. A ra omi gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù, ó bá mi jà nítorí àyè ìdí mọ́tò títí a fi dé Amarillo.

Títì Texas ò ní ìtàn kankan, ẹ jẹ́ n fò ó.

A gbéra láàárọ̀ kùtù torí July àti August, àrá ọ̀sán ò ṣeé fi ṣeré lókè yẹn, kò sí igi kankan tẹ́ ẹ máa sá sí abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, gíà tó kéré jù ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má fẹsẹ̀ lé bíréèkì ṣáá, ẹni tó ń gun òkè bọ̀ ló sì lọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Cinnamon Pass, òkè míì lọ́nà yẹn, ò gbọ́ ìyẹn rí o, ó dúró gbọn-in lójú wa, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún mi, èmi ni mo fi ẹ̀yìn rìn. Orí ti ń fọ́ gbogbo wa nígbà yẹn, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́.

A wo àwọn ilé onípákó tó ṣófo ní Animas Forks, ìlú àwọn awakùsà tó ti dahoro, lẹ́yìn náà la sọ̀ kalẹ̀ lọ pa tẹ́ǹtì, ibẹ̀ náà ṣì lé ní 3,000 mítà. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti gbé ẹ̀wà olóyin jáde.

Mo ti sọ ọ́ ní Houston. Mo ní omi máa ń hó lókè kó tó gbóná dáadáa, bíi 90 dígírì dípò 100, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá ní àwọn ti ń se ẹ̀wà kí n tó mọ ìyàwó mi. Àna mi ni wọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ? A gbé e kaná nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ṣú, ó ń hó. Òtútù dé, ó ń hó. A bu omi sí i, a tún bu omi sí i, omi tá a rù láti ọ̀nà jíjìn lẹ́ ń rí yìí o. Gáàsì kan tán, a so òmíì. Bọ̀dá tọ́ ọ wò, a gbọ́ ìró rẹ̀ láàárín eyín wọn. Gàrí la mu sùn, a ti ẹ̀wà àti ata dín-ín-dín mọ́ inú jíìpù nítorí béárì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá oyìnbó arúgbó kan tó pàgọ́ nítòsí wa wá béèrè ohun tó ń ta sánsán látàná. Ó rí ìkòkò wa, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé pressure pot ẹ̀ wá. Kò pẹ́ rárá, ẹ̀wà rọ̀! A da ata dín-ín-dín lé e, màmá fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, imú ẹ̀ pọ́n, ó ní ká tún bu ata sí i. Òdòdó kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè, oòrùn yọ, mo gbàgbé $1,500 fún ìgbà díẹ̀.

A dá jíìpù padà, wọ́n ní $95 fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀! Lórí ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ pé a ń lọ! Mo gbé fọ́tò ẹrẹ̀ tó wà lára ẹ̀ ká tó gbé e jáde, mo ní kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ tiwa hàn mí. Ọmọbìnrin yẹn wá gbójú sókè wàyí, ó wọlé lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde. Wọ́n yọ $60 kúrò. Bọ̀dá ní ká dúpẹ́. Mi ò dúpẹ́.