Ọkọ Ìyàwó ní yàrá àyẹ̀wò: ìrìnàjò mi láti Ìkirè dé Mọ́níyà

Oko ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, dá sí ẹ̀yìn ìlú Ìkirè ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ àbùdá, ìyẹn àwọn tí ń ṣèwádìí ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Mo lọ kí wọn nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì mú mi lọ wo àwọn ebè tí wọ́n gbìn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìdajì oko náà ni kò dára. Ewé ẹ̀gẹ́ tí ó yẹ kí ó tẹ́ bí ọwọ́ tí a là ti ká jọ, ó kéré, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè sì dà pọ̀ lára rẹ̀ bí àdìrẹ tí aró kò mú dáadáa. Màmá fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n jù ú sí poro, wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo ra igi rẹ̀ ni mo ti ra àìsàn mọ́ ọn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mosaic, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà rìn: eṣinṣin funfun kékeré kan a máa gbé e láti ewé dé ewé, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa gbé e láti oko dé oko nígbà tí ó bá gé igi ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ kò dá láti fi gbìn.

Láti inú oko ni mo ti pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé ní yunifásítì, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tí ó wà ní Ìbàdàn. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kí n má ṣe mú ewé kankan dání wá.

Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Ìkirè kò lè ṣe kí ó má ra dòdò, nítorí náà mo ra, mo sì jẹ ẹ́ tán kí a tó kọjá Aṣèjíré. Ohun tí n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà ni pé ìlú yìí kan náà ni ó fi Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ẹ̀gẹ́. IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ni Hahn wá ṣiṣẹ́ ní 1971. Àwọn irúgbìn kan tí ó bá ní Ìbàdàn ti rin ìrìn tó jìn ju tèmi lọ: ní àwọn ọdún 1930, ní Amani, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, wọ́n fi ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan láti Brazil tí a mọ̀ sí rọ́bà Ceará, kí àwọn ọmọ wọn lè jogún agbára láti bá mosaic jà, díẹ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì dé Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1950. Láti inú ìran yẹn ni Hahn ti mú àwọn ẹ̀gẹ́ bíi TMS 30572 jáde, èyí tí àgbẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mọ owó.

Láti Ìwó Road, mo gba Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá, mo sì bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà IITA kí n tó dé Mọ́níyà. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ mú mi lọ sí oko tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Òdòdó abo ni ó máa ń ṣáájú là, òdòdó akọ tí ó wà lórí ẹ̀ka kan náà a tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Wọ́n ti fi àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn abo kí oyin má baà gbé àtíkè òdòdó akọ tí ẹnikẹ́ni kò rán an wá bá wọn. Obìnrin kan ṣí àpò, ó fi òdòdó akọ pa orí abo, ó tún un bò, ó so orúkọ ìyá àti ti bàbá mọ́ ọn. Èso tí yóò ti ibẹ̀ jáde kò lè ní ju hóró mẹ́ta lọ. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ tanná ní Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ yìí fi ní oko mìíràn ní Ubiaja ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti máa ń tanná dáadáa.

Níbí ni iṣẹ́ ti gùn tẹ́lẹ̀. Gbogbo hóró ni a ní láti gbìn, kí a dúró kí àìsàn dé, kí a wo èyí tí ó kú àti èyí tí ó yè, kí a gé igi èyí tí ó yè, kí a tún un gbìn ní ibi púpọ̀ ní ọdún dé ọdún, tí ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá fi máa ń lọ kí igi kan tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àmì àbùdá ni ó gé apá kan nínú ìdúró yẹn kúrò. Mo bi ọ̀rẹ́ mi ohun tí àmì náà jẹ́, ó wo ojú bàbá aṣọ́gbà kan tí ó kọ àbàjà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ìwọ bi bàbá yẹn léèrè kí o tó mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n?" Ilà kọ́ ni ó sọ ènìyàn di ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ilà àti ìran a máa rìn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibì kan nínú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí a lè kà ní yàrá àyẹ̀wò, ṣe máa ń bá jíìnì tí a ń wá rìn; jíìnì ni apá DNA tí ó ń fún ohun ọ̀gbìn ní ìwà kan. Bí àmì bá jìnnà sí jíìnì, àwọn méjèèjì lè pínyà nígbà ìbí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ilà ìlú onílùú, nítorí náà èyí tí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n ń wá.

Ní yàrá náà, mo rí bí wọ́n ṣe ń gé ewé ẹ̀gẹ́ tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ ní róbótó kéékèèké, wọ́n ń jù wọ́n sínú àwo tí ó ní ihò 96, wọ́n sì ń gbẹ wọ́n kí a lè kó wọn lọ sí òkè òkun láti ka DNA wọn. Bí òbí kan bá ní ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú jíìnì tó lágbára, ìdajì àwọn ọmọ ni a retí pé yóò jogún rẹ̀. Ìdajì kejì kò ní dé oko rárá.

Jíìnì tí wọ́n ń wá jù nípa mosaic ni CMD2, tí a tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2002. Láti ara rọ́bà Ceará kọ́ ni ó ti wá. Inú ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti ń gbìn fúnra wọn ni wọ́n ti bá a. Wọ́n fún àwọn ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí ní nọ́ńbà, TME3, TME7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n bóyá TME7 ní orúkọ mìíràn. "Ọkọ Ìyàwó," ni ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń to àwo náà dá mi lóhùn láìgbé ojú sókè. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àgbẹ̀ kan ní ibì kan ti rí ẹ̀gẹ́ tó dúró ṣánṣán nígbà tí àwọn yòókù ń rọ, ó sì sọ ọ́ lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa DNA. Ní 2022 ni àwọn onímọ̀ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: lórí krómósómù 12, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí DNA pín sí, àyípadà kan wà nínú jíìnì irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe àdàkọ DNA rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì mosaic kò ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀gẹ́ ni ó ń yá lò. Lọ́dọ̀ Ọkọ Ìyàwó, ohun tí ó wá yá kò bá a lọ́wọ́ mu mọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ìtàn Colombia. Ní CIAT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan níbẹ̀, ní ìtòsí ìlú Cali, àrùn yìí kò sí, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè fi àìsàn dán ẹ̀gẹ́ wò níbẹ̀. Àmì CMD2 ni wọ́n fi ṣa àwọn ọmọ tí ó ní agbára láìrí fáírọ́ọ̀sì náà sójú, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ ẹ̀gẹ́ tí a tọ́ sínú ìgò, ọ̀kan nínú wọn, CR 41-10, sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2010. Nígbà tí mosaic wá bẹ́ sílẹ̀ ní Cambodia ní 2015, agbára yìí kan náà ni wọ́n sáré wá kiri.

Ọ̀rẹ́ mi kò fi àléébù rẹ̀ pa mọ́ fún mi. CMD2 kò lè dá àrùn kejì tí ó ń ba gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dúró, kò sì bọ́gbọ́n mu kí gbogbo oko fara ti jíìnì kan ṣoṣo. Bí ẹ̀gẹ́ kan yóò bá so púpọ̀, kì í ṣe jíìnì kan ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ NextGen Cassava, tí Yunifásítì Cornell bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní 2012, fi ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì lẹ́ẹ̀kan náà láti fojú díwọ̀n bí ọmọ kan yóò ṣe dára tó. Ní ti gàrí, àwọn obìnrin tí ń yan án ni wọ́n ṣì ń pè láti wá ṣèdájọ́, èyí sì dùn mọ́ mi nínú.

Mo padà sí Ìkirè ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìdì méjì igi ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá, tí ọ̀rẹ́ mi bá mi rà. Mo jókòó ti Màmá, mo ròyìn ilà ojú, ihò 96 àti Ọkọ Ìyàwó fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n fi èékánná họ èèpo igi kan, wọ́n wò ó.

"Gàrí rẹ̀ ń kọ́, ṣé ó ń wú nínú omi?"

N kò rántí bèèrè. Mo tún pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n gbé fóònù fún Màmá, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gàrí títí owó fóònù mi fi tán.